Olùbẹ̀wò Tí Kò Fọwọ́ Sí Ìwé Ẹ̀sùn: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Lawrence Ọlọ́rundáre Kọ́lájọ (1891–1953)

Inú ilé orí òpó kan ní Òde-Ugbò, tí omi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ni a ti bí Lawrence Ọlọ́rundáre Kọ́lájọ ní ọdún 1891. Apẹja ni Kọ́lájọ, bàbá wọn, apẹja sì ni bàbá tó bí Kọ́lájọ. Àrìnpé, ìyá wọn, ń yan edé, ó sì ń tà á láti Òde-Ugbò títí dé Màhìntẹ̀dó. Ìyá yìí kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ sọ pé ọmọ òun yóò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àwọn ará ilé bi í pé ta ni yóò máa bá bàbá rẹ̀ da àwọ̀n, ó dá wọn lóhùn pé ẹja kò ní tán nínú omi nítorí pé ọmọ kan lọ sí ilé-ìwé.

Ní ọdún 1903 ni Bàbá wọ ilé-ìwé ìjọ. Ìjọ wo ni? Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí mọ̀ ọ́n. Àwa ọmọ wọn kò ní kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìsìnkú yìí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a ba àwọn jẹ́ lójú òkú. Bàbá parí ìwé kẹfà ní 1910, wọ́n di tísà kékeré ní 1911, wọ́n sì lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ lókè ní 1916. Níbẹ̀ ni àwọn ará òkè ti ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé ọmọ orí omi kò lè jókòó sórí àga kí ó má máa mì bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Bàbá máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ń sọ ọ́ fún wa. Àwa kì í rẹ́rìn-ín. Ní 1918 wọ́n gba ìwé ẹ̀rí, ipò kejì nínú gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ṣe ìdánwò, pẹ̀lú mímì náà.

Ní ọdún 1920 wọ́n gbé Moríkẹ́ níyàwó, ọmọ oníṣòwò kan ní Màhìntẹ̀dó. Ọlọ́run fi ọmọ márùn-ún ta wọ́n lọ́rẹ, Ó sì gba ọ̀kan padà ní kékeré. Láti 1921 ni Bàbá ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ní Òde-Ugbò, títí di 1931 tí ìjọ fi wọ́n ṣe olùbẹ̀wò sí àwọn ilé-ìwé méjìlá tó wà lẹ́bàá ọ̀sà àti etí òkun.

Ó yẹ kí á ṣàlàyé iṣẹ́ olùbẹ̀wò fún ẹ̀yin tí kò yé. Ìjọ rò pé iṣẹ́ náà ni kí ènìyàn máa wa ọkọ̀ láti abúlé dé abúlé, kí ó máa bá tísà níbi tó ti ṣe àṣìṣe, kí ó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Mánéjà, ọ̀gá àgbà tí ìjọ fi ṣe alábòójútó gbogbo ilé-ìwé rẹ̀. Bàbá kò ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan. Bí wọ́n bá dé ilé-ìwé, ẹ̀yìn kíláàsì ni wọ́n ń jókòó sí, lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Wọn kì í mú ìwé dání. Bí ilé-ìwé bá ṣíwọ́, wọ́n á bá tísà jókòó sórí ọ̀nà pákó tí a fi ń rìn lórí omi, àwọn méjèèjì á tún ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, Bàbá fúnra wọn ni yóò kọ́ àwọn ọmọ, tísà á wá jókòó sẹ́yìn láti wá àṣìṣe Bàbá. Wọ́n ní ẹni tí kò bá lè jẹ́ kí á wo iṣẹ́ òun kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wo ti ẹlòmíràn.

Olùkọ́ Ọmọ́yẹlé wà láàárín yín lónìí, ó sì ní kí á kọ ti òun sí i. Ní 1933 ó ń kọ́ ọmọ kéékèèké mẹ́tàlélọ́gọ́ta ní Màhìntẹ̀dó nínú yàrá tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ògiri rẹ̀. Atẹ́gùn òkun ń gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Ó ń pariwo títí ọ̀fun rẹ̀ fi bó, ó sì ti kọ ìwé pé òun fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bàbá lo ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn kíláàsì rẹ̀, wọ́n sì ràn án lọ́wọ́ láti yí gbogbo bẹ́ǹṣì padà kí atẹ́gùn máa ti ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́ lọ bá àwọn ọmọ. Wọ́n kọ́ ọ pé kí ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí àwọn ọmọ bá ń pariwo. Ogún ọdún nìyí, Ọmọ́yẹlé ṣì ń kọ́ni. Èwo nínú èyí ni Mánéjà kà sí iṣẹ́?

Àwọn ọ̀gá ilé-ìwé náà ní tiwọn. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n ń kó ara wọn jọ sí ilé wa. Òfin kan ṣoṣo ni Bàbá fi lélẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wá ròyìn ohun tó ṣe dáadáa. Ohun tó bàjẹ́ mọ́ onítọ̀hún lọ́wọ́ lóṣù náà ni yóò sọ, àwọn yòókù á sì bá a tún un ṣe. Bàbá ló máa ń kọ́kọ́ sọ tiwọn. Ìyá wa a se ẹja, àwọn àgbàlagbà wọ̀nyí a máa jẹ, wọ́n a sì máa jẹ́wọ́. Àwa ọmọ gbọ́ àṣìṣe yín tán, ẹ̀yin ọ̀gá, ṣùgbọ́n a kò tú àṣírí yín.

Ní oṣù kejì ọdún 1938 ni ìnsípẹ́kítọ̀ ìjọba bá Mánéjà wá sí abúlé kan lẹ́yìn Màhìntẹ̀dó, níbi tí Jọọlá Olówòkéré ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Ọkọ̀ wọn ti gúnlẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú, nígbà tí omi kún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti fà lọ pátápátá, ẹrẹ̀ nìkan ló kù. Ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, ìnsípẹ́kítọ̀ dúró nínú ilé-ìwé pẹ̀lú aago lọ́wọ́, kò rí ẹnì kan. Ìta ni Jọọlá wà. Ẹrẹ̀ mù ún dé itan, ó ń ti ọkọ̀ kan tí ọmọ mọ́kànlá jókòó sí. Àṣà wa ni pé bí omi bá fà tí ọkọ̀ àwọn ọmọ bá há, ọ̀gá ilé-ìwé kì í jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀; òun ni yóò sọ̀ kalẹ̀. Kò sí òbí kan ní ilẹ̀ Ìlàjẹ tí yóò fi ọmọ rẹ̀ lé ọ̀gá tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Ìnsípẹ́kítọ̀ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò bá ọ̀gá ilé-ìwé lẹ́nu iṣẹ́, pé nínú ẹrẹ̀ ni òun ti rí i bí apẹja, àti pé kí á yọ ọ́. Òfin ìjọ ni pé olùbẹ̀wò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé e síwájú Bàbá. Ọkọ̀ tí wọ́n ń wà, ilé tí a ń gbé, ẹnu àwa ọmọ mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ wà lórí ìlà kan tí wọ́n fẹ́ kí Bàbá kọ orúkọ sí. Bàbá ká ìwé náà, wọ́n dá a padà fún Mánéjà. Wọ́n ní, “Ọ̀gá, èmi bá Jọọlá lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin ni ẹ kò sí níbi tí iṣẹ́ wà.”

Jọọlá kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá ló kúrò. Ìwé tí wọ́n fi dá wọn dúró wà lọ́wọ́ wa, a ó sì kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ síbí kí òjò tó pa á rẹ́: “O ti di ọ̀rẹ́ àwọn tí a ní kí o máa ṣọ́.” Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí ènìyàn fi ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi gbólóhùn kan ṣoṣo gbá dànù. Wọ́n gba ọkọ̀. Wọ́n lé wa kúrò nínú ilé. Wọ́n sì fi òfin lélẹ̀ pé Lawrence Kọ́lájọ kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ilé-ìwé ìjọ kankan mọ́.

Ohun tó dùn wá jù kò tíì dé. Ní ọdún 1939 Mánéjà kọ ìwé kan, ó ní kí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé fọwọ́ sí i pé àwọn kò ní gba Bàbá láyè mọ́, àti pé ìmọ̀ràn wọn kò wúlò fún àwọn. Ọ̀gá mẹ́sàn-án fọwọ́ sí i. Àwọn tó jẹ ẹja ìyá wa ni. Jọọlá fọwọ́ sí i pẹ̀lú wọn. A mọ̀ pé ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ, ẹ̀rù sì bà á. Bàbá náà ní ìyàwó àti ọmọ. Mánéjà fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí Bàbá kí wọ́n lè ka orúkọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kà á tán, wọ́n sì bèèrè lọ́wọ́ ìyá wa bóyá oúnjẹ ti jinná.

Alhaji Ṣùáíbù, oníṣòwò edé tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn láti kékeré, ló fún wọn ní ọkọ̀. Mùsùlùmí ni, kò sí ohun tó kàn án nínú ọ̀ràn ìjọ, ṣùgbọ́n òun ló ṣe ohun tí àwọn tó ń gba ara Olúwa kò ṣe. Bàbá wa ọkọ̀ náà lọ sí èbúté ilé-ìwé ọ̀gá tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú nínú ìwé tí àwọn mẹ́sàn-án fọwọ́ sí, nítorí pé ìdánwò ìwé kẹfà ti súnmọ́lé níbẹ̀. Wọ́n so ọkọ̀ mọ́ òpó, wọn kò bọ́ sílẹ̀. Ilẹ̀ ilé-ìwé ni òfin ní wọn kò gbọdọ̀ tẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ṣòfin lé omi. Nígbà tí ilé-ìwé ṣíwọ́, ọ̀gá yẹn yọjú, ó dúró pẹ́, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lábẹ́ apá.

Báyìí ni Bàbá ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́rìnlá láìgba kọ́bọ̀. Àwọn tísà ń bọ́ sínú ọkọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kọ́ Bàbá ní ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ lọ́la, Bàbá á sì máa bi wọ́n ní ìbéèrè tí ọmọ ọdún mẹ́jọ lè bi wọ́n. Òwò edé Ìyá wa la fi jẹun. Olùbẹ̀wò tí ìjọ fi rọ́pò wọn kì í jáde bí òjò bá ń rọ̀, ilẹ̀ wa sì nìyí tí òjò kì í fẹ́ dá. Síbẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ etí omi yege ju ọmọ ibikíbi lọ ní ọdún 1946, ìjọ kọ ọ́ sínú ìròyìn ọdọọdún pé akitiyan àwọn òṣìṣẹ́ àwọn ni. Ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́, ṣé ojú kò tì yín?

Bàbá kò fi ìjọ sílẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń lọ, wọ́n sì ń kọrin. A bi wọ́n léèrè nígbà kan bí wọ́n ṣe ń ṣe é, wọ́n ní Mánéjà kọ́ ló kú fún àwọn. Wọ́n tún bá àwọn ará Òde-Ugbò dá ẹgbẹ́ tó ń tún ọ̀nà pákó ilé-ìwé ṣe sílẹ̀. Wọ́n a san owó ẹgbẹ́ pé, àwọn ẹlòmíràn a sì bá wọn kan pákó tí wọn kò gbọdọ̀ tẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún yìí ni àìsàn àyà mú wọn, wọ́n sì sinmi ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta, ọdún 1953, lẹ́ni ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Ọjọ́ kẹta ni lẹ́tà ìjọ dé. Wọ́n ní Mánéjà tuntun fẹ́ ka ọ̀rọ̀ ìyìn lórí pósí “olùbẹ̀wò wa olóòótọ́”. A fèsì pé kí wọ́n kọ́kọ́ fagi lé ìwé 1938 tí wọ́n fi dá Bàbá dúró. A kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò ní ka ọ̀rọ̀ ìyìn láti ọ̀dọ̀ ìjọ lónìí, ẹ má sì bi wá ní ìdí mọ́.

Àwọn tí Bàbá fi sílẹ̀ sáyé ni Moríkẹ́, aya wọn, àwọn ọmọ, Adégbóyè tó jẹ́ tísà, Ìbíyẹmí tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, Mosúnmọ́lá tó ń ṣòwò edé, àti Ọlábísí tó ṣì wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ọmọ-ọmọ méje, àti tísà tí a kò lè ka iye wọn.

Ó ku ohun kan, àwa ọmọ kò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n àṣẹ òkú ni. Nínú àwọn ọ̀gá mẹ́sàn-án tó fọwọ́ sí ìwé 1939, mẹ́fà ló kù láyé. Kí Bàbá tó kú, wọ́n ní àwọn mẹ́fà náà ni kí wọ́n wa ọkọ̀ tí yóò gbé pósí àwọn lọ sí itẹ́ òkú, kí Jọọlá sì jókòó síwájú. Adégbóyè kọ̀ jálẹ̀ lójú wọn, ó ní àwọn wọ̀nyí kò yẹ lẹ́ni tó ń wa ọkọ̀ Bàbá. Bàbá ní bí àwọn ènìyàn náà bá dúró sétí omi tí wọ́n kàn ń wo pósí àwọn bó ṣe ń lọ, ìtìjú yóò máa bá wọn wọ kíláàsì títí wọn yóò fi kú, tísà tí ojú ń tì kò sì lè kọ́ ọmọ dáadáa. Bàbá ní kí á jẹ́ kí àwọn mẹ́fà náà wa pósí àwọn lọ, kí wọ́n lè padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.

Ẹ̀yin mẹ́fà, ọkọ̀ wà ní èbúté. Bàbá ti dárí jì yín. Àwa kò tíì débẹ̀. Ẹ wà wọ́n jẹ́jẹ́.

Kọ́lájọ ọmọ Àrìnpé, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ ní àlàáfíà. Kí Ọlọ́run tí ẹ sìn tọ́jú yín ju bí àwọn tí ẹ ṣiṣẹ́ fún ti tọ́jú yín lọ. Ẹ sùn ire o, Bàbá.