Ìdajì Ẹ̀ka Nínú Yìnyín

Norrmyra,
Västerbotten,
Sweden.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, ọdún 1911.

Evald, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara rẹ le ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún? Ikọ́ tí o ní nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn ńkọ́, ṣé ó ti lọ? Màmá ń kí ọ. Wọ́n ní kí n bi ọ́ bóyá àwọn tó yí ọ ká mọ wàràkàṣì í ṣe, àbí ebi ló ń pa ọ́ tí o kò fi kọ̀wé láti ìgbà ìkórè. Àlàáfíà ni àwa àti màlúù méjèèjì wà, òtútù nìkan ni kò jẹ́ ká gbádùn.

Ìròyìn tí mo ní kò rọrùn láti kọ. Ìjì wó igi eléèpo funfun ẹ̀bá odò, èyí tí ẹ̀ka rẹ wà lára rẹ̀. Ọdún méje la fi ṣọ́ ẹ̀ka yẹn kó lè tóbi tó, nítorí pé ó tẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ọrùn ṣíbí. O mú mi búra pé n kò ní fọwọ́ kàn án títí wàá fi dé, pé ṣíbí tí wàá fún ẹni tí o bá fẹ́ fi ṣaya lo máa fi gbẹ́. Àmọ́ igi ti ṣubú, kí ni kí n ṣe? Mo gé e, mo là á sí méjì láàárín gbùngbùn, ìdajì kan tìrẹ, ìkejì tèmi.

Hilding aládùúgbò wa rí mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Algot, ta ló fẹ́ fi ṣíbí tìẹ jẹun? Obìnrin wo lo rí?"

Mo ní, "Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre. Èyí tó o gbẹ́ fún ìyàwó ẹ, ajá ló fi ń bọ́."

Ìwọ náà mọ̀ pé tútù la ń gbẹ́ igi ṣíbí. Mo ri tèmi mọ́ inú yìnyín lẹ́yìn ilé màlúù kó má bàa gbẹ, mo gbàgbé tìrẹ sórí tábìlì, mo bá lọ ṣẹ́gi nínú igbó. Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé. Màmá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, inú wọn ń dùn ṣìnkìn.

"Mo ti bá Evald gbé igi ẹ̀ sórí ààrò o. Ó tutù rinrin, ó ṣe mí láàánú!"

Iná ààrò ti gbẹ ẹ́, ó ti sán láti ọrùn dé ìdí. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Màmá." Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Èyí tó kù nínú yìnyín, tèmi ni. Mo ti fún ọ.

Bá mi kí onílé rẹ àti gbogbo ará wa tó wà níbẹ̀.

Evald, àárò rẹ ń sọ mí kọjá ohun tí mo lè fẹnu sọ. Ọdún mẹ́rin lo ti ń sọ pé o ń bọ̀. Yìnyín ẹ̀yìn ilé màlúù á yọ́ tán ní àárín oṣù Karùn-ún, wá gbẹ́ ṣíbí rẹ kó tó yọ́. Bó o bá sì mọ̀ pé o kò ní wá mọ́, kọ ọ́ sí mi ní gbangba, má tàn mí. Màá gbẹ́ ẹ fúnra mi, màá gbé e fún Màmá, màá sì sọ fún wọn pé ìwọ lo fi ránṣẹ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ojú rẹ̀ wà lọ́nà,
Algot