Ẹsẹ̀ Tó Wú Kì í Ṣe Ìbejì

Olóòtú ètò, mo kí yín, mo kí gbogbo ẹni tó jókòó ti asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ má dárúkọ mi, ilé ọkọ ni mo wà, ní Oníyanrìn.

Ẹ jẹ́ kí n pe ìyàwó àbúrò ọkọ mi ní Àtọ́kẹ́. Oyún rẹ̀ pé oṣù mẹ́jọ, ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, orí ń fọ́ ọ, ó ń ríran bàìbàì. Ìyá ọkọ wa ní, "Ìbejì ni. Ẹ wá ẹ̀wà sílẹ̀."

Mo fi àtàńpàkò tẹ ojúgun rẹ̀, ibẹ̀ jin, kò padà bọ̀rọ̀. Mo ti kà á pé ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún lè pa tìyá-tọmọ, mo bá mú un lọ sí ọsibítù láìtọrọ àyè. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru gan-an, wọ́n dá a dúró síbẹ̀ kí wọ́n lè máa tọ́jú rẹ̀.

Nígbà tí mo padà délé, ìyá ọkọ wa ní, "Ìyàwó, ìwé lo kà, àwa la bímọ."

"Òótọ́ ni, Ìyá. Àmọ́ aboyún méjì la sin lọ́dún tó kọjá."

Àwọn àgbà ilé ní kí n wá kúnlẹ̀ bẹ agbo ilé, nítorí pé n kò tọrọ àyè. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó bóyá ìgbéraga ni tèmi, síbẹ̀ n kò ní kúnlẹ̀. Gbogbo aboyún tó bá wá pọnmi nílé wa ni mò ń sọ fún pé kó lọ wọn bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ru, kí ara tó wú.

Ẹ̀yin ìyá tó ń gbọ́ mi, tó bá jẹ́ ọmọ yín ni Àtọ́kẹ́, ta lẹ máa ní kó kúnlẹ̀?