Omi Tí Iyọ̀ Rẹ̀ Kò Ju Ti Omijé Lọ

Agbo Ilé Àlàó,
Pákátà,
Ìlọrin.
Àlàmísì, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹsàn-án, 1990.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékúmù. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìlọrin títí dé Kàdúná. Ṣé ara yín le? Ṣé iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ tí ẹ ń ṣe kò pa yín lára? Àdúà wa ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà, bí ó ṣe kúrò lọ́dọ̀ àwa náà nínú àlàáfíà. Màámi, Ìyá Àgbà àti gbogbo ará ilé ń kí yín, wọ́n ní ojú yín ń wu àwọn í rí.

Nínú lẹ́tà tí ẹ fi rán dírẹ́bà sí wa, ẹ bi mí léèrè pé, "Màsúdát, kí ni wọ́n ń kọ́ yín gan-an ní ilé-ìwé yẹn, kí sì ni o ń fi ìsinmi ṣe?" Mo fẹ́ kọ ìdáhùn kúkúrú, ṣùgbọ́n Màámi ní ẹni tó wà lájò kì í fẹ́ gbọ́ "dáadáa ni" lásán. Ìdí nìyí tí lẹ́tà yìí fi gùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ̀kọ́ wa pọ̀, wọn kò sì jọra. Tíṣà Kọ́lá tó ń kọ́ wa ní iṣẹ́ igi àti irin kò gbà kí ọmọbìnrin kankan sá fún ayùn. Mo ti fi ọwọ́ ara mi rẹ́ pákó, mo sì kan àpótí ìjókòó kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ni Ìyá Àgbà ń jókòó báyìí, wọ́n ní àwọn kò tíì rí àpótí tó mọ ìdí àwọn tó bẹ́ẹ̀. A gbin àgbàdo sẹ́yìn kíláàsì wa fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, àwọn ewúrẹ́ àdúgbò ló sì bá wa kórè rẹ̀. Ìṣirò tí wọ́n ń fi lẹ́tà dípò nọ́ńbà, tó máa ń pa mí lẹ́kún tẹ́lẹ̀, ti ń yé mi. Ní ìrọ̀lẹ́, mo ń lọ sí ilé kéwú. Àlùfáà wa ní bí n kò bá ṣọ̀lẹ, wọn óò ṣe wọ́límọ̀tù ìparí Àlùkùránì mi lọ́dún tó ń bọ̀, ìnṣáláàhù.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́kọ́ fojú kéré ni ti ìtọ́jú ilé. Mo rò pé ọbẹ̀ àti kéèkì nìkan ni. Mísísì Danjuma ló ń kọ́ wa, obìnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ wọn máa ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbé omi tí wọ́n sè tí wọ́n sì jẹ́ kó tutù wá, pẹ̀lú iyọ̀ àti ṣúgà, wọ́n sì kọ́ wa bí a ṣe ń po wọ́n pọ̀ fún ọmọ tó bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Wọ́n fi ṣíbí wọn iyọ̀, wọ́n fi ìka tẹ́ orí rẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fún ọmọ. Iyọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ti omijé lọ." Ọmọ kíláàsì wa kan béèrè ibi tí òun óò ti rí omijé tọ́ wò. Mísísì Danjuma ní, "Dúró dìgbà tí mo bá fún ọ ní máàkì." A rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kúrò níbẹ̀ láìtọ́ ọ wò.

Nígbà tí ìsinmi dé, Màámi ní n kò ní jókòó sí Pákátà kí n máa ka ọkọ̀ tó ń kọjá. Wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí àbúrò yín, Àǹtí Hàlímọ̀tù, ní oko Òkè-Òyì. Mo kọ́kọ́ rò pé ìjìyà ni, torí Àǹtí kì í jẹ́ kí ọwọ́ ẹni dilẹ̀. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń wa iṣu láìṣá a lọ́gbẹ́, àti bí a ṣe ń tò ó sẹ́bàá títì kí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ lè rí i láti òkèèrè. Mo mọ bí a ṣe ń dúnàá dúrà báyìí, Bàbá mi. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìwé ń sọ ọmọ di ọ̀dẹ̀ lọ́jà.

Lẹ́yìn oko wọn ni gáà àwọn Fúlàní kan wà. Obìnrin kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Lami máa ń wá ra iṣu lọ́wọ́ Àǹtí. Kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, ṣùgbọ́n ó ti bí ọmọbìnrin kan, Bilkisu, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Lami gbọ́ Yorùbá bí ẹni tí wọ́n bí sí Ọjà-Ọba. Òun ló kọ́ mi ní wàrà ṣíṣe. Ó gbé mílíìkì tó fún lára màlúù ka iná tí kò le, ó fún omi ewé bomubomu sí i, ó ní kí n máa wò ó, kí n má fi ìwàǹwara rò ó. Nígbà tó yá, ó dì, omi sì yà kúrò lára rẹ̀. Wàrà tí èmi kọ́kọ́ ṣe korò. Lami jẹ ẹ́, ó yọ ojú sí mi, ó ní, "Ọwọ́ rẹ le jù. Ewé ni mo ní kí o fún, mi ò ní kí o fọ aṣọ." Ṣùgbọ́n kò rẹ̀ ẹ́ láti tún mi kọ́, títí wàrà mi fi di ohun tí ó ń gbé sínú igbá tirẹ̀ láti tà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò ńlá, èmi àti Àǹtí gbé iṣu lọ fún Lami. A kò bá a nídìí iná. Inú ahéré ló wà, ó gbé Bilkisu lé ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ tó ṣáájú ni ọmọ náà ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru, tó sì ń bì. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ètè rẹ̀ gbẹ, ó ń sunkún ṣùgbọ́n omi kò jáde lójú rẹ̀. Ọkọ Lami ti da màlúù lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ọkọ Àǹtí, Bàbá Sulaiman, gbé alùpùpù wọn láti gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù ní Òkè-Òyì, ṣùgbọ́n wọ́n padà wá, wọ́n ní odò ti bo afárá, kò sí ohun tó lè kọjá.

Mo béèrè bóyá wọ́n ti fún un lómi. Ìyá ọkọ Lami, Ìyá Talatu, ló dá mi lóhùn. Wọ́n ní, "Omi lọ́mọ ń yà. Omi náà lẹ tún fẹ́ fún un?" Bàbá mi, àyà mi já, torí ohun tí gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀ gbà gbọ́ nìyẹn. Mo sọ ohun tí wọ́n kọ́ wa fún wọn. Mo ní, "Ìyá, bí ìkòkò bá ń jò lórí iná, ẹni tí kò fẹ́ kó jóná á máa bu omi sí i." Àǹtí Hàlímọ̀tù fà mí sẹ́yìn, wọ́n ní, "Màsúdát, ọmọ ọlọ́mọ nìyí. Bí Ọlọ́hun bá gbà á, ọwọ́ rẹ ni wọn óò sọ pé ó kú sí. Ṣé ohun tí o ń sọ dá ọ lójú?" Mo ní ó dá mi lójú. Àǹtí ká ìró wọn sókè, wọ́n sì sáré gba inú ẹrẹ̀ lọ sílé láti mú ṣúgà wá. Títí n óò fi kú, n kò ní gbàgbé eré tí àbúrò yín sá lọ́jọ́ náà.

A se omi, a jẹ́ kó tutù, mo wọn gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo tọ́ ọ wò. Lami náà tọ́ ọ wò. Ó gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, ó ní, "Èmi ni màá fún ọmọ mi. Ìwọ máa sọ bí màá ṣe ṣe é." Èyí tó kọ́kọ́ fún un, ọmọ náà bì í. Ìyá Talatu pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, "Ẹ ò rí i?" Mo rántí pé Mísísì Danjuma ní bí ọmọ bá bì í, kí a sinmi díẹ̀, kí a tún máa fún un ní ìwọ̀nba. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe. Lami ń fún un díẹ̀díẹ̀, èmi ń ka àdúà sínú. Nígbà tí oòrùn ọ̀sán mú, ọmọ náà ti ń fi ẹnu wá ṣíbí fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ sí i, ó tọ̀ sí Lami lára. Bàbá mi, n kò mọ̀ rí pé ìtọ̀ lè dùn mọ́ ènìyàn nínú tó bẹ́ẹ̀. Lami ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, kò tilẹ̀ pààrọ̀ aṣọ náà.

Nígbà tí odò fà ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá Sulaiman gbé ìyá àti ọmọ lọ sí ọsibítù. Wọ́n dá wọn dúró níbẹ̀, wọ́n tọ́jú rẹ̀ títí ara rẹ̀ fi yá. Bàbá Sulaiman sọ fún wa pé nọ́ọ̀sì ní, "Omi tí ẹ fún un nílé ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa." Àlìámúdù lílàhì.

Lami kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Ó kó àwọn obìnrin gáà àti ti oko jọ sábẹ́ igi, ó ní kí n wá kọ́ wọn. Mo ń sọ ọ́ ní Yorùbá, Lami ń sọ ọ́ ní Fúlàní. Kálukú pò ó, kálukú tọ́ ọ wò. Ìyá Talatu tọ́ tiwọn wò pẹ́, wọ́n ní, "Omijé ni lóòótọ́. Ẹni tó bá sin ọmọ bí mo ṣe sin tèmi mọ adùn rẹ̀." Ìgbà yẹn ni mo mọ ìdí tí wọ́n fi bá mi jiyàn: wọ́n ti pàdánù ọmọ rí, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n.

Ìròyìn mìíràn nìyí. Bàbá Sulaiman, tí wọ́n ti sọ pé ìwé mẹ́fà tó fún ọmọbìnrin wọn Bàríkísù, wá sí Ìlọrin ní Jímọ̀ tó kọjá. Lẹ́yìn ìrun, wọ́n jókòó ti Màámi, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí Bàríkísù wọ ilé-ìwé wa, kó sì máa gbé lọ́dọ̀ wa. Màámi ní àyè wà lórí ẹní mi.

Bàbá mi, ó ku ẹ̀bẹ̀ kan. Bí a bá wọlé, wọn óò ní kí a yan ẹ̀ka tí a fẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń fọkàn sí i pé kí n kọ́ ìmọ̀ òwò, kí n lè ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Challenge, ní Ìlọrin níbí. Iṣẹ́ tó dára ni, n kò kọ ọ̀rọ̀ yín. Ṣùgbọ́n sáyẹ́ǹsì ló wà lọ́kàn mi, kí n lè di nọ́ọ̀sì, tàbí ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ bí Ọlọ́hun bá fẹ́. Tíṣà Kọ́lá ní mo lè ṣe é. Màámi ní àwọn kò ní bá mi sọ ọ́, kí n kọ ọ́ sí yín fúnra mi, torí ẹni tó lè jókòó láàárín àwọn àgbà ní gáà, tó sọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà, kò yẹ kó sá pamọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ̀ láti bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ti wá sọ ọ́. Mo ń retí ohun tí ẹ bá wí.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ yín. Kó ṣọ́ àlọ yín, kó ṣọ́ àbọ̀ yín. Kó jẹ́ kí ẹ jèrè gbogbo làálàá yín lórí wa, kí ẹ má fi ojú yín sunkún ọmọ. Àmín.

Èmi ni ọmọ yín tó ń gbé orúkọ yín kiri tayọ̀tayọ̀,
Màsúdát Àbdùlkàdírì.

Àfikún: Ìyá Àgbà ní kí n má tíì lẹ àpò ìwé yìí pa, àwọn ní ọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́: "Sọ fún Àbdùlkàdírì pé eyín mi kò pọ̀ mọ́. Bí ó bá fẹ́ rí ẹ̀rín ìyá rẹ̀, kí ó tètè máa bọ̀."