Ojú Ewé Yorùbá Tó Ń Já sí Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀fà,
Oṣù Kẹwàá, 1999.

Fọlákẹ́ Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Bíọ́lá ọmọ-ọmọ mi. Ẹsẹ̀ tó ń gbé yín jáde láàárọ̀, òun náà ni yóò máa gbé yín wọlé lálẹ́, lórúkọ Jésù. Bí o bá béèrè tiwa, a wà, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí. Orúnkún ń dùn mí, iṣu ò ta dáadáa lọ́dún yìí, orí ìjókòó ni mo sì ti ń gbálẹ̀ báyìí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, kò sẹ́ni tó bá mi dá sí i, nítorí náà bí o bá rí ọ̀rọ̀ tó dùbúlẹ̀, fi ojú gbé e dìde.

Ọ̀rọ̀ ìwé Ọ̀fà tí ìwọ àti ẹgbẹ́ yín ní Èkó kọ sínú kọ̀mpútà ni mo bá wá. O ní ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, o sì ní nítorí tèmi, ẹ kọ gbogbo ojú ewé rẹ̀ ní Yorùbá pẹ̀lú. Mo fi yangàn ní kíláàsì mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà wa títí Tíṣà Ọmọ́ládé fi bẹ̀ mí pé kí n jókòó kí òun lè ríṣẹ́ ṣe.

Ìyá Ràímì, ìyẹn Asiata tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, kò rẹ́rìn-ín rárá. Mo ti sọ fún un pé àwòrán àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àtijọ́ wà níbẹ̀, pé Bàbá Ràímì tó dolóògbé wà níwájú, àti pé wọ́n kọ ìtàn rẹ̀ sísàlẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dáyé, ẹlòmíràn ló ń bá òun kàwé, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kọ nípa ọkọ òun, ojú ara òun ni yóò kà á.

Bí a ṣe lọ sí Ìlọrin nìyẹn. Wọ́n kó wa sínú bọ́ọ̀sì bí iṣu ọjà Òjòkú. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù kọ̀mpútà, ọ̀gá ibẹ̀ tẹ nǹkan, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í han, ó ń pe Èkó lórí fóònù, mo fi etí mi gbọ́ ọ. Àánú rẹ ṣe mí, nítorí àkókò oúnjẹ ọ̀sán ni. Mo ní kí ọkùnrin náà kọ́kọ́ kí ọ kó tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn.

Ojú ewé àkọ́kọ́ dé ní Yorùbá. Asiata kà á sókè, pé Ẹ káàbọ̀ sí Ọ̀fà, gbogbo ṣọ́ọ̀bù yíjú. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí àwọ̀ wọn dà bí aró, tí wọ́n fàlà sí nídìí. Ọkùnrin náà ní èyí tí a bá tẹ̀, ojú ewé rẹ̀ yóò wá. Asiata di ohun kékeré kan tó dà bí ọṣẹ ìwẹ̀ mú, ó tẹ Àwọn Òṣìṣẹ́ Rélùwéè. Ó pẹ́ kó tó dé. Mo ní kó fara balẹ̀, pé ó dà bí yàrá káàdì ní ọsibítù, pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nídìí oúnjẹ ni, o ń wá a. Nígbà tó dé, Bàbá Ràímì ló dúró níbẹ̀ tó di fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni.

Asiata wò ó títí. Ó ní wọ́n ti mọ̀ pé òun tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń bọ̀.

Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, Yorùbá, sókè ojú ewé náà, mo ní kó tẹ ìyẹn. Ó dá wa padà sí Ẹ káàbọ̀ sí Ọ̀fà. Ẹni tó wà ní yàrá tó ní kí wọ́n tanná fún òun, ṣé ìta gbangba ni wọ́n ń mú un lọ kó tún bẹ̀rẹ̀ ìkíni? A tún tẹ ti rélùwéè, Gẹ̀ẹ́sì náà ni. Asiata ká ìborùn rẹ̀, ó jáde lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ oníbúrẹ́dì.

Ọ̀gá náà wá ní kò sẹ́ni tó ń gbé nǹkan wá láti ibì kankan, pé wọ́n ti kọ gbogbo ojú ewé sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní àdírẹ́sì ló wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ aláwọ̀ aró kọ̀ọ̀kan, pé àwọn àdírẹ́sì ti Gẹ̀ẹ́sì lo dà kọ sínú ti Yorùbá láìyí wọn padà, ni ẹni tó bá gba Yorùbá wọlé fi ń bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ọ̀rọ̀ tó wà lókè yẹn pàápàá, ìkejì ojú ewé tí èèyàn dúró sí, èyí tí wọ́n kọ ní Yorùbá, ló yẹ kó mú wá. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ nǹkan kan, ti Yorùbá sì jáde lóòótọ́. Mi ò bá a jiyàn, a kì í jiyàn ní ṣọ́ọ̀bù onílé. Ṣùgbọ́n kò mọ ọmọ mi. Ìwọ ni yóò da nǹkan kọ láìwò ó? Ó rẹ̀ ọ́ ni, tàbí o rán ẹlòmíràn. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Sọ fún àwọn tí ò ń rán pé kí wọ́n máa wo èdè tí èèyàn wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé òmíràn wá. Bí ti Yorùbá kò bá sí, kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà pé Gẹ̀ẹ́sì ló wà níwájú, kí ẹni tí kò gbọ́ ọ lè yà pẹ̀lú iyì rẹ̀. Ní ìdíkọ̀ rélùwéè wa níbí, ẹni tó gba tíkẹ́ẹ̀tì Òṣogbo, wọn kì í gbé e lọ sí Jẹ́bbà.

Mo ka ti Yorùbá náà. Ó dára, ọmọ mi. Mo sáré jáde lọ sọ fún Asiata, ó fi ọwọ́ di etí, ó kọ̀ láti padà wọlé. Ó ní èmi ni mo kà á, òun kọ́.

Láti ọjọ́ náà kò wá sí kíláàsì mọ́. Bẹ́ǹṣì fẹ̀ jù fún mi. Mo ń lọ bẹ̀ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Ràímì ọmọ rẹ̀ ní kí ìyá òun jẹ́ kí òun kà á fún un, ó dá a lóhùn pé ọkọ òun ni, kì í ṣe ọkọ Ràímì. Àná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé òun á tún lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, pé bó bá tún já sí Gẹ̀ẹ́sì, òun á dá síléètì Tíṣà padà, òun á kú bí òun ṣe wà.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, bí mo bá ti ránṣẹ́ pé a ń lọ, tètè jẹun lọ́jọ́ náà. Má jẹ́ kí Bíọ́lá dà ọ́ láàmú. Kó gbogbo ojú ewé Yorùbá sí ìtòsí ọwọ́ rẹ. Àdírẹ́sì tí ọkùnrin yẹn ń sọ, bí òtítọ́ bá wà níbẹ̀, yí gbogbo wọn padà pẹ̀lú. Kò sóhun tó burú nínú kí èèyàn ti ilẹ̀kùn méjèèjì.

Fi owó ọkọ̀ wa ránṣẹ́, èmi àti òun, àti díẹ̀ fún òróró tí mo fi ń pa orúnkún. Ọlọ́run tó ń tọ́ arìnrìn-àjò sọ́nà yóò tọ́ ọ. Ibi tí o bá kàn sí, èdè tí o gbọ́ ni wọn yóò fi dá ọ lóhùn. Ní ti Asiata, èmi ni n ó jókòó tì í. Bó bá tẹ̀ ẹ́ tó sì pẹ́ kó tó dé, màá ní kó má dìde, pé ọmọ mi ń bọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Susannah.