Ìbò Tí O Dì Fún Gbogbo Ilé

Àbúrò mi, Lọ́yà,

Mo kí ọ o. Mo nírètí pé ara rẹ le, pé iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà ń lọ déédéé ní ìlú tí wọ́n gbé ọ lọ, àti pé ò ń rí oorun sùn. Èmi ò rí i sùn. Àwọn ọmọ ń lọ sílé ìwé, ọkọ mi ní kí n kí ọ. Ìkíni parí síbẹ̀, torí inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ kó rọ̀ kí n tó kọ lẹ́tà yìí tán.

Wọ́n ti ti ilé ìwòsàn iwájú ilé wa pa. Àwọn òṣìṣẹ́ kánsù kó bẹ́ẹ̀dì jáde, wọ́n kó gbogbo irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹsẹ̀ Màmá, wọ́n sì fi àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Alága kánsù tuntun ò kúkú fi í pa mọ́ fún wa kó tó wọlé. Nọ́ọ̀sì tó bá a du ipò náà ló ní òun ò ní jẹ́ kí wọ́n tì í, nọ́ọ̀sì yẹn ni gbogbo àdúgbò sì ń fẹ́. Ìbò tí alága fi borí rẹ̀ ò tó èrò tó ń kún bọ́ọ̀sì rẹ láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Rántí ọjọ́ Sunday yẹn ní pálọ̀. Mo béèrè bóyá àwa tá a ti òkèèrè wá náà lè dìbò kánsù. O gbẹ́sẹ̀ lé ẹsẹ̀, o ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àlejò kì í dìbò. Ẹni tí wọn ò bí síbí tó bá dé ibi ìdìbò, ìwé ìgbélùú ẹ̀ ni wọ́n máa gbà." Gbogbo wa gbà ọ́ gbọ́. Torí pé o lẹ́nu la ṣe ń pè ọ́ ní Lọ́yà láti kékeré, kì í ṣe torí pé o mọ òfin kankan. O tún gbé ọ̀rọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, àdúgbò gbọ́, àdúgbò sì jókòó sílé lọ́jọ́ ìbò.

Ìwọ wá lọ dìbò. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìbò lo wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, o ní wọ́n ti là ọ́ lọ́yẹ̀ níbi iṣẹ́, pé a lẹ́tọ̀ọ́, pé o ti forúkọ sílẹ̀ tipẹ́. "Ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti dìbò fún gbogbo ilé." Àwa náà, òpè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Màmá tiẹ̀ ṣàdúrà fún ọ. Bá a ṣe ń ṣe é nípàdé ẹbí nìyẹn: tí ọmọkùnrin kan bá ti sọ̀rọ̀, ilé ti sọ̀rọ̀. Ṣé ìpàdé ẹbí wá ni? Ṣé ẹnì kan lè jẹun kí ikùn ẹlòmíràn yó? O mọ̀ nígbà tí àyè ṣì wà, o dákẹ́, torí ojú ń tì ọ́ láti sọ pé o ti ṣì í sọ tẹ́lẹ̀.

Mo lọ sí kánsù fúnra mi. Obìnrin kan tó wọ awò ojú sọ fún mi pé ẹni tó bá ti gbé níbí fọ́dún mẹ́ta lè dìbò fún kánsù àti alága rẹ̀, ti ilé aṣòfin nìkan ni kò kàn wá. Èmi tí mo ti ń ránṣọ nílùú yìí kí irùngbọ̀n rẹ tó hù! Mo bi í bóyá ẹnì kan lè dìbò fún ilé. Ó rẹ́rìn-ín, ó rí ojú mi, ó gbé e mì.

Kí wọ́n tó tì í pa, Màmá ti ń fi ọ̀pá dá gòkè àtẹ̀gùn. Ilé ìwòsàn tó kù jìnnà, ọkọ̀ méjì ni. Mo gbé wọn lọ lẹ́ẹ̀kan, ìrora mú wọn títí wọ́n fi sunkún nínú ọkọ̀. Wọ́n láwọn ò lọ mọ́, ẹsẹ̀ náà sì ti tún ń le padà. Wọ́n ní kí n má bá ọ jà. Mo ní mo gbọ́. Irọ́ ni mo pa.

Má fowó ránṣẹ́, má sì fi fóònù bẹ̀ mí. Ọjọ́ tí o bá ti lọ́fù lẹ́nu iṣẹ́, wá sílé. Lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ yẹn, fi ẹnu ara rẹ sọ pé o ṣì wá lọ́nà, o sì mọ̀ kó tó dọjọ́ ìbò. Lẹ́yìn náà, kí o máa kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ládùúgbò, kí o tún un sọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, àmọ́ ìwọ ni wàá ṣa èyí tó fọ́.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà. Kí ọkọ̀ rẹ má ṣe rí jàǹbá, kí o má sì rí ìbínú ẹlòmíràn tó ju tèmi yìí lọ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin tó pọ̀n ọ́ dàgbà, tí kò tíì dárí jì ọ́.

Mo tún fẹ́ fi eléyìí kún un: Màmá bi mí láàárọ̀ yìí pé ìgbà wo la tún máa dìbò. Mo ní ó di ọdún mẹ́rin. Wọ́n ní kí n forúkọ àwọn sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dìbò fún àwọn mọ́. Wọ́n wá ní kí n bá àwọn yí àga kúrò lójú fèrèsé, àwọn ò fẹ́ máa wo ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn yẹn mọ́.