Nọ́ńbà Ìkànnì Ló Yí Padà, Mo Ní Màmá Ń Ṣarán

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, ojú ń tì mí.

Ìyá ọkọ mi ló ní ìròyìn ò sí ní ìkànnì karùn-ún tóun ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n mọ́. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo sọ fún ọkọ mi pé màmá ti ń ṣarán, ló bá gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ wọn.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ lórí ètò yín pé wọ́n ti tún nọ́ńbà àwọn ìkànnì tò, pé òmíràn ò tiẹ̀ ní wá mọ́ láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì!

A ti dá kọ́kọ́rọ́ padà, mo ti kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Lánàá, màmá mú iyọ̀ tí wọ́n fúnra wọn rà dání: “Ìyàwó mi, bá mi wò ó, ṣé iyọ̀ nìyí?”

Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni mo máa sọ tí wọ́n á fi gba ara wọn gbọ́ padà?