Àmín Kan Lójú Ọ̀nà Ajah

Abà Ọdúnjọ,
Ẹ̀bá Ìkirè.

Ọláṣẹ̀hìndé ọmọ mi, Àkànní ọkọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Waliyat ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, yàrá tí ẹ gbà ní Igbó Ẹfọ̀n ńkọ́, ṣé omi ò tún wọlé mọ́? Ọlọ́run á máa bá wa ṣọ́ yín. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́, òjò ti ń rọ̀, ewúrẹ́ dúdú yẹn bí méjì, orúnkún mi nìkan ló ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe.

Mo mọ̀ pé á yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ, tí mi ò pè ọ́. Ọmọ mi, mo ti gbọ́. Waliyat ló sọ fún mi, má bínú sí i, èmi ni mo fi ìbéèrè há a mọ́lẹ̀. Ó ní àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó mú ọ ní Ajah pẹ̀lú fóònù létí nígbà tí o ń lọ gbé ọ̀gá rẹ ní Lakowe, pé wọ́n gba owó ìtanràn, ọ̀gá rẹ sì ti búra pé bó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kí o gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀ kí o máa lọ. Ó ní o ní kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí n gbọ́. Háà! Àkànní, ta ló wà lórí fóònù ọ̀hún bí kò ṣe èmi?

Mo ti ro ọjọ́ náà títí orí fi fẹ́ fọ́ mi. Mo pè ọ́ láàárọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, o sọ fún mi pé o ń wa ọkọ̀, èmi sì dá ọ lóhùn pé ìgbà yẹn gan-an ni èèyàn ń wá àdúrà. Mo kì ọ́, mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà, o ń ṣe àmín lábẹ́ imú. Èmi alágídí, mo ní irú àmín wo nìyẹn, ṣé ẹni tí kò jẹun àná ló ń ṣe é ni, ni mo bá tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ló ń dùn mí jù. Ká ní mo gba ti àkọ́kọ́ bẹ́ẹ̀, o ò bá ti gbé fóònù sílẹ̀ kó o tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ibi tí mo ti ń sọ pé ẹni tí yóò dá ọ dúró lọ́nà kò ní rí ọ, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí ẹnì kan ń fọwọ́ lu gíláàsì, tó ń pariwo. Mo rò pé ó ń bá ọ ṣe àmín ni. Mo tiẹ̀ súre fún un! Mo mọ ìdí tí o ò fi pa fóònù. Èmi náà ni mo kọ́ ọ láti kékeré pé ọmọ kì í já àdúrà ìyá láàárín.

Ohun tí kò wá yé mi ni pé ìwọ ni wọ́n bá wí. Nílé wa níbí, bí èèyàn bá ru ìkòkò omi, tí o pè é lẹ́yìn, tó yíjú, tí ìkòkò fọ́, ṣé kì í ṣe ìwọ tó o pè é lo máa ra ìkòkò? Ni mo bá wé gèlè, mo gbé fóònù dání, ó di àgọ́ ọlọ́pàá. Mo sọ fún ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Babájídé pé èmi ni mo pe awakọ̀ lójú títì Ajah, kí wọ́n kọ orúkọ mi sílẹ̀, kí wọ́n pa tìrẹ rẹ́. Mo gbé fóònù lé orí tábìlì kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣí fìlà. Ó ní òfin kò mọ ẹni tó pè, ẹni tó gbé fóònù nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ yẹ kó wà lórí sítíárìn ló mọ̀. Ó ní ojú tó bá yà díẹ̀ lórí eré, èèyàn ló ń pa. Ìgbà yẹn ni mo tó mú fóònù mi kúrò lórí tábìlì. Mo ti rò pé owó ìtanràn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Mi ò mọ̀ pé àdúrà èmi fúnra mi lè pa ọ́.

Ó ní kí n máa fi ohùn sílẹ̀ sínú fóònù, kó o máa gbọ́ ọ tó o bá gúnlẹ̀. Mo gbìyànjú ẹ̀. Mo sọ̀rọ̀, mo dákẹ́ de àmín, kò sẹ́ni tó dáhùn, mo bá pa á. Àdúrà tí kò ní àmín, ibo ló fẹ́ sọ̀ sí?

Ọjọ́ méjìlá rèé tí mi ò gbé ìpè rẹ. Má rò pé mo ń bínú o. Bí fóònù bá ti dún báyìí, sítíárìn ni mo ń rí. Ta ló máa sọ fún mi pé ọkọ̀ ti dúró?

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ páànù ilé ìdáná tó ń jò, ṣùgbọ́n mo ti jẹ ọ́ níyà tó. Owó mọ́tò nìkan ni mo ń tọrọ, àlọ nìkan, Ọlọ́run á pèsè àbọ̀. Mo fẹ́ wá sí Igbó Ẹfọ̀n, kó o pa ẹ́ńjìnnì, kó o fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, kí n gbé ọwọ́ lé ọ lórí, kí n kì ọ́ tẹ́rùn. Àmín tó bá ti ẹnu rẹ jáde lọ́jọ́ náà, kékeré ni o, ńlá ni o, mo gbà á.

Má ka lẹ́tà yìí lórí ìjókòó awakọ̀. Ọ̀nà á là fún ọ, ojú rẹ ò ní kúrò níwájú, o ò ní fi ọwọ́ ara rẹ ṣe ara rẹ, èmi náà ò ní fi ìfẹ́ ṣe ọ́ ní ibi. Tọ́jú àmín rẹ dè mí.

Fóònù ti tún ń dún o. Orin tí o fi sí i kí n lè mọ̀ pé ìwọ ni ló ń kọ. Mò ń wò ó. Ó ti dákẹ́.

Èmi ni,
ìyá rẹ.